Gìtá ń pa sípíkà ìjọ wa: ámpìlì ló jẹ̀bi àbí gìtá?

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti fẹ́ di ìjà nínú ìjọ wa. Èmi ni mò ń ta gìtá fún àwọn akọrin, níbí ní Àjàṣẹ́. A ò ní ámpìlì gìtá. Gìtá wọ pẹ́dàlì distortion tó ń mú ohùn ha, pẹ́dàlì wọ míkísà, míkísà wọ ámpìlì 200 wáàtì, òun ló ń gbé baffle méjì, ìyẹn àpótí sípíkà, tó ní sípíkà ńlá nísàlẹ̀ àti túwítà, sípíkà kékeré tó ń gbé ohùn tín-ín-rín, lókè. Wọ́n kọ 1200 W gàdàgbà sẹ́yìn baffle kọ̀ọ̀kan.

Túwítà kan kọ́kọ́ dákẹ́ lọ́dún tó kọjá, a pààrọ̀ rẹ̀. Níbi ìdúpẹ́ ìkórè, túwítà méjèèjì tún lọ, sípíkà ńlá apá òsì sì ń ha bí mo bá ti ta okùn tó nípọn jù. Àwọn àgbà ìjọ ní kí gìtá sinmi ná. Ẹni tó wá wò ó fún wa ní ámpìlì ti lágbára jù. Ẹlòmíràn ní rárá, ó kéré jù ni. Èwo ni ká gbà? Ẹ sì bá mi là á yé mi: báwo ni 200 ṣe lè pa ohun tó gba 1200?

Tọ́pẹ́_Wàndó

Ẹ yọ gìtá kúrò nínú sónò, ìyẹn míkísà, ámpìlì àti baffle ìjọ, ọ̀rọ̀ parí. Sónò wà fún ohùn èèyàn. Ẹ wá ámpìlì gìtá kékeré, kódà kó jẹ́ àlòkù, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Akọ̀wé_Ṣakẹ́tẹ́

Ẹni tó ní ó kéré jù ló sọ òótọ́. Kò sí onísónò tí kò mọ̀ ọ́n: ámpìlì kékeré ló ń pa sípíkà. Ẹ ra 800 wáàtì, ọkàn yín á balẹ̀.

Bàbá_Sónò_Ṣábẹ̀

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Akọ̀wé, mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ìdajì òótọ́ ló wà níbẹ̀, ìdajì yẹn ló sì ń ti àwọn èèyàn sínú gbèsè.

Kíkéré ámpìlì kò pa sípíkà rí. Bí mo bá fi ámpìlì 5 wáàtì gbé baffle yín láti àárọ̀ di alẹ́, tí mi ò fipá mú un, kò sí ohun tó máa ṣe é. Ooru ló sábà ń pa sípíkà. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n wé yí ìdí bébà rẹ̀ ká, tó wọ inú òòfà. Òun là ń pè ní kọ́ìlì. Nínú gbogbo iná tí ámpìlì ń tì síbẹ̀, díẹ̀ báyìí ló ń di ohùn, ìyókù ooru ni. Bí ooru yẹn bá ti ju èyí tí kọ́ìlì lè tú dànù lọ, ohun tó lẹ wáyà mọ́ra á yọ́, wáyà á tú sílẹ̀ tàbí kó já.

Ìgbà wo wá ni ámpìlì kékeré ń di ewu? Ìgbà tí ẹ bá fipá mú un. Tó bá ti dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kò lè gbé ìgbì ohùn ga sí i mọ́, orí ìgbì náà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbì tí orí rẹ̀ bá tẹ́ tán bẹ́ẹ̀ lè ru ìlọ́po méjì agbára èyí tó mọ́. Ẹ̀yin rò pé 200 lẹ̀ ń lò, ó sì lè máa tì tó 400 jáde. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orí tó tẹ́ yẹn ń bí àwọn ohùn tín-ín-rín tí ẹ̀yin ò ta, gbogbo wọn ló sì ń forí lé túwítà. Túwítà ọ̀hún, díẹ̀ ló lè gbà nínú agbára tí wọ́n kọ sára baffle. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ti 1200 yẹn, nọ́ńbà ọjà ni. Peak ni wọ́n ń pè é: ohun tí sípíkà lè fara dà fún ìṣẹ́jú bíńtín tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó lè gbà láìdúró sábà máa ń jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀. Ẹ ka tiyín sí 300, bí ẹni tó kọ ọ́ bá jẹ́ olóòótọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ RMS tàbí AES sí, èyí tó lè gbà láìdúró, ni kí ẹ máa wá nínú ìwé rẹ̀, ẹ má wo nọ́ńbà tó tóbi jù.

Nípa 800 tí Akọ̀wé ní kí ẹ rà: ámpìlì tó ju sípíkà lọ díẹ̀ dára lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Lọ́wọ́ ẹni tó máa ń yí bọ́tìnì títí yóò fi kọ̀, sípíkà á kàn tètè kú ni, owó á sì ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo iná pupa tí wọ́n kọ CLIP sí ní ojú ámpìlì, òun ló ń sọ pé orí ìgbì ti ń tẹ́. Tó bá ń ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò burú. Tó bá tàn gan-an tí kò kú mọ́, ẹ dín in kù lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe pé orin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọra ni.

Àbẹ̀kẹ́_Kétu

Ẹ ṣeun bàbá, ẹ kú làálàá. Ibì kan wà tí mo fẹ́ fi kún un, torí onígìtá lèmi náà, ní Kétu níbí.

Pẹ́dàlì distortion fúnra rẹ̀ ti tẹ́ orí ìgbì kí ó tó dé míkísà. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é nìyẹn. Nítorí náà iná pupa ámpìlì lè má tàn rárá, kí túwítà sì máa jìyà lábẹ́lẹ̀. Bí fọ́lúùmù bá kéré, kò léwu. Bó bá ti ròkè, ẹ má fi ojú iná pupa nìkan ṣọ́ ọ.

Tọ́pẹ́, mi ò gbà pé gìtá ò gbọdọ̀ wọ sónò. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni ìdí tí ámpìlì gìtá fi ń gba distortion láìbínú. Kò ní túwítà. Sípíkà gìtá, irú ti Celestion tàbí Jensen, ohùn rẹ̀ ti ń já wálẹ̀ tó bá ti kọjá 5000 Hz báyìí (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá kan), gbogbo pàǹtírí tí pẹ́dàlì ń bí lókè ibẹ̀ ò ní ríbi gbà jáde. Sónò ní tiẹ̀ ń gbé ohùn kọjá 15,000 Hz, gbogbo pàǹtírí yẹn ló máa rọ́ lu túwítà, á sì máa ta èèyàn létí bí oyin.

Ẹni tó bá lówó díẹ̀, kó wá pẹ́dàlì tó ń ṣe bíi baffle gìtá, cab sim ni wọ́n ń pè é, kó fi í sẹ́yìn distortion. Ẹni tí kò bá tíì ní, kó dín treble, ìyẹn ohùn òkè, kù lórí ìlà gìtá nínú míkísà. Òun nìkan ò tó o, torí lórí ọ̀pọ̀ míkísà kékeré, nǹkan bí 10,000 sí 12,000 Hz ni bọ́tìnì yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ dín tone gìtá fúnra rẹ̀ kù pẹ̀lú.

Ẹ sì tẹ bọ́tìnì low cut lórí míkísà, èyí tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ kúrò. Ó máa ń wà ní 80 tàbí 100 Hz. Okùn gìtá tó nípọn jù ń dún ní 82 Hz, kò sí orin kankan lábẹ́ ìyẹn, àfi gbì-gbì tí ọwọ́ ń ṣe lára okùn àti kọ́ọ̀ tí kébù ń ṣe. Àwọn gbì-gbì yẹn ló ń mú bébà sípíkà ńlá fò kọjá ibi tó yẹ kó dé.

Èmi ò lo gbogbo ìyẹn mọ́ ṣá. Mo ní ámpìlì 15 wáàtì, mo gbé e sórí àga, mo gbé makirofóònù síwájú rẹ̀.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, bàbá àti ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè méjì: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá sípíkà ńlá yẹn ti kú tàbí ó ṣì ṣeé lò? Ẹ̀ẹ̀kejì, àwọn ọmọ wa máa ń fa kébù gìtá yọ nígbà tí gbogbo nǹkan ṣì wà ní títàn, ó sì máa ń dún gbàù. Ṣé ìyẹn náà ń bà á jẹ́?

Atúnrédíòṣe_Pọ́bẹ̀

Ó ń bà á jẹ́. Gbàù kan ṣoṣo lè má pa á, ṣùgbọ́n bí fọ́lúùmù bá wà lókè, ó tó láti gbé bébà fò tàbí kó já túwítà. Ẹni tó bá fẹ́ yọ kébù, kó kọ́kọ́ tẹ mute, bọ́tìnì tó ń pa ohùn, lórí míkísà.

Ti sípíkà ńlá, iṣẹ́ ojoojúmọ́ mi nìyẹn. Ẹ yọ wáyà ámpìlì kúrò pátápátá. Ẹ tan ìka ọwọ́ méjèèjì ká yí àárín bébà, ẹ tì í wọlé díẹ̀, jẹ́jẹ́, kó má tẹ̀ sápá kan. Ẹ gbé etí sún mọ́ ọn. Èyí tó dára kì í dún, á wọlé, á sì padà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí ẹ bá gbọ́ kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, tàbí tí ẹ mọ̀ ọ́n lára lábẹ́ ìka pé nǹkan ń fara gbo nǹkan, kọ́ìlì ti wú tàbí òòfà ti yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Ẹ gbé imú sí ihò ẹ̀yìn òòfà. Kọ́ìlì tó jóná ní òórùn kíkorò kan bíi ti fáníìṣì tó ta lórí iná, ó sì máa ń wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan téèyàn bá gbọ́ ọ, kò ní ṣì í mọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ gbé mítà síbi tó ń wọn ọ́ọ̀mù, ìyẹn bí sípíkà ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Sípíkà 8 ọ́ọ̀mù á fi nǹkan bíi 6 hàn, ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ti 4 á fi nǹkan bíi 3 hàn. Tí mítà ò bá mì rárá, wáyà ti já. Ẹni tí kò ní mítà, kó mú bátìrì rédíò 1.5 fọ́ọ̀tì, kó fi wáyà méjì kàn án fẹ́rẹ́. Sípíkà ńlá á ṣe kúù, bébà á fò síwájú bí ẹ bá fi + kan +. Ẹ má ṣe èyí fún túwítà.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bébà ló kàn ya tó ń ha. Yíya kékeré ṣeé lẹ̀: ẹ fi bébà tín-ín-rín, irú èyí tí a fi ń nu imú, àti gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà fi ń lẹ pákó, tí ẹ ti bu omi díẹ̀ sí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó gbẹ títí di ọjọ́ kejì. Gọ́ọ̀mù kíákíá tó ń mú ìka lẹ̀ pọ̀ yẹn, ẹ má lò ó. Ó ń gan, bébà á tún ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá_Akọrin

Ẹ̀yin ọkùnrin ń ka wáàtì, ẹ̀ ń ka ọ́ọ̀mù. Níbi tèmi, onígìtá ń gbé e sókè torí kò gbọ́ ara rẹ̀, onílù ń lù ú kíkan torí gìtá ti bò ó, àwa tí à ń kọrin ń pariwo. Ẹ kọ́kọ́ yí ojú baffle kan sí onígìtá kó gbọ́ ara rẹ̀. Á dín in kù fúnra rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Kétu

Màmá ti sọ ọ́ tán.

Akọ̀wé_Ṣakẹ́tẹ́

Bàbá Ṣábẹ̀, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí. Sípíkà ilé àpéjọ wa jóná nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ta nǹkan kan. Wọ́n tan ámpìlì, gìtá ò tíì wọ inú rẹ̀, a kàn rí èéfín. Níbo ni ìgbì tó tẹ́ lórí ti wá níbẹ̀?

Bàbá_Sónò_Ṣábẹ̀

Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ gìtá, ẹjọ́ ámpìlì ni. Transístọ̀ kan ti kú nínú rẹ̀, ó wá ń tì iná gbọọrọ, irú ti bátìrì, sínú sípíkà tààrà. Iná ohùn ń lọ ó ń bọ̀, kọ́ìlì ń mì, ó ń rí afẹ́fẹ́ díẹ̀. Iná gbọọrọ kì í lọ kì í bọ̀, ó kàn ń jó o lójú kan. Ṣé ẹ rí i pé bébà fò jáde, tàbí ó wọlé, tí kò sì padà sáyè rẹ̀ nígbà tí wọ́n tan án? Àmì rẹ̀ nìyẹn. Ẹ pa á kíákíá.

Ámpìlì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀dọ̀ alátùn-únṣe dé, ẹ má kan sípíkà mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ tan án lásán, ẹ gbé mítà sí DC, ibi tó ń wọn iná gbọọrọ, ẹ fi wọn ẹnu ibi tí sípíkà ń wọ̀. Tó bá wà lábẹ́ 50 mílífọ́ọ̀tì, ó dára. Tó bá ti di fọ́ọ̀tì odindi, ẹ dá a padà.

Ti títàn àti pípa: míkísà àti pẹ́dàlì ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, ámpìlì ló kẹ́yìn. Tí ẹ bá ń pa á, ámpìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ pa. Tí iná bá sì lọ láàárín ìsìn, kí ẹnì kan sáré pa ámpìlì, torí ìpadàbọ̀ iná tàbí ìgbà tí ẹ̀rọ amúnáwá bá ń gbé e ni gbàù tó burú jù ń wáyé.

Atúnrédíòṣe_Pọ́bẹ̀

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, “lásán” tí ẹ wí yẹn, ámpìlì oní-transístọ̀ nìkan ni. Ámpìlì gìtá oní-lámpù kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí sípíkà lẹ́nu rẹ̀, transifọ́mà ìjáde rẹ̀ lè bàjẹ́.

Bàbá_Sónò_Ṣábẹ̀

Òótọ́ ni, ẹ ṣeun. Oní-transístọ̀ ni mo ní lọ́kàn.

Sáyọ̀_Ìfànhìn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, a ní baffle méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 8 ọ́ọ̀mù. A ti kébù láti ọ̀kan sí èkejì, ó di 16, ámpìlì á sì sinmi, àbí?

Àbẹ̀kẹ́_Kétu

Rárá o. Ihò méjì tó wà lẹ́yìn baffle, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ló ń kan sípíkà sí. 8 àti 8 báyẹn di 4. Ẹ wo ẹ̀yìn ámpìlì: tí wọ́n bá kọ “8 ọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ dín” síbẹ̀, ẹ ti ń dáná sun ún. Kó tó di 16, wọ́n ní láti so wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, kébù tí ẹ rà lọ́jà kì í sì ṣe ìyẹn.

Ẹ má sì so 8 pọ̀ mọ́ 16 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ẹ rò pé wọ́n ń pín in ní dọ́gbadọ́gba. 8 á máa gba ìlọ́po méjì ohun tí 16 ń gbà.

Kébù gìtá náà, tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àwọ̀n wáyà lára, kò wà fún sípíkà o, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ jọra. Wáyà sípíkà oníwáyà méjì tó sanra ni kí ẹ lò.

Tọ́pẹ́_Wàndó

Ẹ kàn ń bẹ̀rù sípíkà tó ń ha. Ṣebí òyìnbó kan, Dave Davies ti ẹgbẹ́ Kinks, ló fi abẹ ya sípíkà ámpìlì rẹ̀ ní 1964 kó lè ha bẹ́ẹ̀?

Atúnrédíòṣe_Pọ́bẹ̀

Ámpìlì kékeré tirẹ̀ ló ya, kò ya ti ìjọ.

Káyọ̀dé_Ṣábẹ̀

Kí ló dé tí ẹnì kankan ò sọ̀rọ̀ fíúsì? Ẹ fi fíúsì sójú ọ̀nà túwítà, gbogbo wàhálà tán.

Atúnrédíòṣe_Pọ́bẹ̀

Ó ń ṣiṣẹ́ bó bá jẹ́ fíúsì tó ń tètè já, tó sì kéré tó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó máa já láàárín orin, onísónò á wo ọ̀tún wo òsì, á fi wáyà dí i. Mo ti rí bébà sìgá tó ń dán níbẹ̀. Èmi fẹ́ràn gílóòbù kékeré. Ẹ tú baffle wò, nínú ọ̀pọ̀ wọn ilé iṣẹ́ ti fi gílóòbù bíńtín kan sójú ọ̀nà túwítà láti ilẹ̀ wá. Tí iná bá pọ̀ jù, gílóòbù á gbóná, á máa tàn, á sì dí ọ̀nà fún iná tó kù. Ohùn á rẹlẹ̀ díẹ̀ lókè, orin á máa lọ. Tó bá jó, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Káyọ̀dé_Ṣábẹ̀

Èyí dára. Èmi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Bàbá_Sónò_Ṣábẹ̀

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ tí ẹ wà létí ọ̀sà, ọ̀rinrin náà ń bá yín jà. Bébà sípíkà ń mu ún, ó ń rọ̀. Ẹ má gbé baffle kalẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì tútù, ẹ má kọjú rẹ̀ sí ògiri tó ń rin. Ní tiwa lọ́dọ̀ òkè, eruku ọyẹ́ ni. Aṣọ la fi ń bò ó.

Sípíkà tí ẹ bá yọ lọ fún àtúnṣe, ẹ má gbé e sẹ́yìn zẹ́mìjàn, ọ̀kadà wa, láìdì í. Òòfà wúwo, gọ́ọ̀mù ló so ó mọ́ férémù rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀. Ìjálulẹ̀ kan lójú gáàlóòpù, ó ti yẹ̀, kọ́ìlì ò ní rí àyè mì mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé gìtá ló pa á, ọ̀nà ló pa á.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

A ti tú u. Sípíkà ọ̀tún fi 6.1 hàn, ti òsì 5.9. Ti òsì ò ha nígbà tí mo fi ìka tì í, ó ya létí rọ́bà ẹ̀gbẹ́, ó gùn tó ìka kan. Túwítà méjèèjì ti já pátápátá. Gílóòbù wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹnì kan ti fi wáyà kàn án kọjá. A ti lẹ èyí tó ya, a ń wá túwítà. Àwọn àgbà ti gbà kí gìtá padà bí mo bá gba kí onímíkísà máa mú fọ́lúùmù lọ́wọ́ ara rẹ̀, mo sì ti gbà.

Ìbéèrè kan ló kù. Àbúrò mi ra gìtá báàsì. Ṣé ó lè gba ìlà kan náà?

Àbẹ̀kẹ́_Kétu

Ó lè gbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìlànà gìtá ló bá a mu. Okùn báàsì tó nípọn jù ń dún ní 41 Hz, nítorí náà low cut tí mo ní kí ẹ tẹ̀, ẹ máa yọ ọ́ lórí ìlà tiẹ̀, tàbí kí ẹ gbà pé ìdí ohùn rẹ̀ á lọ. Tí ẹ bá sì yọ ọ́, bébà sípíkà ńlá á máa rìn jìnnà. Ẹ gbé e sórí sípíkà ọ̀tún tí kò ya, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ẹ jókòó síwájú baffle kí ẹ fi ojú wo bébà rẹ̀. Tó bá ti ń fò tí ẹ fi lè rí i kedere láti òkèèrè, tàbí tí ẹ gbọ́ pá-pá-pá, ibẹ̀ ló mọ.

Atúnrédíòṣe_Pọ́bẹ̀

Ẹ jẹ́ kí gọ́ọ̀mù ti òsì yẹn gbẹ dáadáa ná kí ẹ tó dán báàsì wò.